Àfonífojì Amọ̀

Àjàdí ló ń ṣọ́ igbó ìdílé wọn lẹ́yìn ìlú Agbamu. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gé ìrókò tàbí ọ̀gànwó níbẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, abala tí wọ́n bá sì gé, wọ́n á fi sílẹ̀ títí yóò fi di igbó padà. Àwọn ará ilé a máa pè é ní ahun igi. Kò dùn ún rárá.

Ọdún kejì tí Ogun Jálumi parí, ìròyìn tún dé pé àwọn ẹlẹ́ṣin ogun tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ń bọ̀. Àwọn obìnrin ilé kò mọ igbó náà kọjá ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi ìdáná. Ni Àjàdí bá po amọ̀ sáàárín agbo ilé, ó mọ gbogbo àfonífojì igbó náà sílẹ̀: òkè méjèèjì, odò tó gba àárín wọn kọjá, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ dípò igi ńláńlá. Ó wá fi ìka fa ọ̀nà láti ilé dé kọ́rọ́ odò, níbi tí wọn kò tíì gégi láti ayé bàbá rẹ̀.

"Ibí ni kẹ́ ẹ sá pamọ́ sí," ó wí fún Ojúọlá, ìyàwó rẹ̀. "Ẹni tí kò bá mọ̀nà kò lè débẹ̀."

Ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn na ọwọ́, ó fi ìka tẹ kọ́rọ́ odò náà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ ìyá Àjàdí, Ọ̀ṣunfúnkẹ́, kò gbé ìrìn mọ́. Inú ihò àpáta ẹ̀yìnkùlé ni yóò sá sí. Àjàdí sọ fún un pé, "Yèyé, tí gbogbo wa bá ti jáde, ẹ bá mi tẹ amọ̀ yìí fọ́."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Nígbà tí Ojúọlá àti àwọn yòókù ti forí lé kọ́rọ́ odò, Àjàdí gun òkè lọ ṣọ́nà. Lọ́jọ́rọ̀, ó rí àwọn ẹlẹ́ṣin náà tí wọ́n jáde láti ìlú. Wọn ò yà sóko ẹnikẹ́ni. Wọ́n tẹ̀ lé odò, wọ́n yà níbi tó yẹ kí wọ́n yà, bí ẹni ń lọ sílé àna. Ó sáré títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó, àmọ́ nígbà tó dé kọ́rọ́ odò, ọ̀já ọmọ nìkan ló bá lórí ewé.

Nígbà tó padà délé, àfonífojì amọ̀ náà wà níbẹ̀ digbí. Wọ́n ti ká ẹní kan kúrò lórí rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú pátákò ẹṣin sì yí i ká.

"Òjò ló ṣú, mo fi ẹní bò ó kó má bà á jẹ́," Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí, bó ṣe ń rá jáde láti inú ihò àpáta. "Igbó bàbá rẹ ni. Mi ò mọ̀ bóyá n óò tún fojú kàn án. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ fọ́."

Inú bí Àjàdí. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́. Ó rí ojú ìka ọmọ rẹ̀ ní kọ́rọ́ odò.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ẹní náà, ó fi bò ó padà.