Obìnrin Tí Ń Wo Ẹnu Oníjẹun

Nígbà tí mo ti ìlú Paris padà dé Pobè ní Dahomey, àsíá Faransé ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ilé kọmandáǹ, òyìnbó tí ń ṣàkóso wa, èmi náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní tèmi. Mo ti kàwé débi pé mo gbà pé ó yẹ kí ilẹ̀ tí mo bá tẹ̀ máa dúpẹ́. Ìmọ̀ bí ẹnu, ojú àti ọ̀fun ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo lọ kọ́. Ìwé ńlá tí àwọn olùkọ́ mi ń retí lọ́wọ́ mi dá lórí ohun kan ṣoṣo: ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun láti ìgbà tí òkèlè bá ti kúrò lórí ahọ́n títí yóò fi dé àyà. Àwọn òyìnbó ti wo ọ̀fun ara wọn títí ó fi sú wọn. Kò sí ẹni tí ó tíì wo tiwa.

Nígbà tí bàbá mi, Fáṣínà, gbọ́ àlàyé yìí, wọ́n bi mí léèrè pé:

"Berthe, gbogbo ọdún tí o fi wà lọ́hùn-ún, bí a ṣe ń gbé òkèlè mì ni wọ́n ń kọ́ ọ?"

Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí àánú kún inú rẹ̀.

Sakété ni mo yàn fún iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni Bàṣírù, ẹni tí ó fẹ́ fi mí ṣe aya, ń gbé. Màrúfátù ni orúkọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Alágààrí ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Lábẹ́ àtíbàbà wọn, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ni àwọn oníṣòwò àti alágbàárù ti ń jẹun ọ̀sán, ọ̀fun sì pọ̀ níbẹ̀ bí àpò gààrí. Ìdí mìíràn tún wà. Ìyá Alágààrí kò tíì fọwọ́ sí ìgbéyàwó wa, Bàṣírù sì ti sọ fún mi pé láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá òun, òun kò ní gbéyàwó.

"Máa wá síbẹ̀," ni ó wí. "Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ọkàn wọn á balẹ̀."

Mo gbé ẹ̀rọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀rọ náà ní ìgbànú rọ́bà tí a ń dè mọ́ ọrùn oníjẹun, ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín kan sì ti ibẹ̀ lọ bá abẹ́rẹ́ tí ń fa ìlà sórí bébà tí a fi èéfín kùn dúdú. Bàbá Súbérù, àgbàlagbà oníṣòwò àgbàdo, ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Wọ́n wo ìgbànú náà, wọ́n wo ojú mi.

"Ọmọbìnrin yìí, ṣé iléyá ti dé ni? Àbí mo jọ àgbò lójú rẹ?"

Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbà kí n de nǹkan mọ́ òun lọ́rùn. Mo dá ẹ̀rọ padà sínú àpótí, mo sì fi ojú mi méjèèjì rọ́pò rẹ̀. N óò jókòó sórí àpótí ìjókòó níwájú oníjẹun, n óò fi ọwọ́ lẹ́rán, n óò sì tẹjú mọ́ gògóńgò rẹ̀ bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í wo oníjẹun lẹ́nu? Ìyá mi ti gbá mi létí lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ká eyín. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn tí ebi ń pa ni a ṣe òfin náà fún, pé kò kan ẹni tí ó ní díplómù.

Bàbá Súbérù bu àkàrà wọn sí méjì. "Gbà, ọmọ mi. Kò tó nǹkan." Mo gbà á, nítorí a kì í kọ oúnjẹ àgbà. Alágbàárù kan ge ẹ̀kọ fún mi. Ìyálọ́mọ kan tí ọmọ ń fà lọ́mú pín ẹja rẹ̀ sí méjì, ó sì na apá tí ó tóbi sí mi. Mo kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ mi pé àwọn ará Sakété ní ọ̀wọ̀ tí ó ga fún ìmọ̀. Mo sì ń sanra. Ẹ̀wù tí mo rà ní Paris kò gbà mí mọ́.

Ìyá Alágààrí alára ni mo wò jù. Ọrùn wọn gùn, ó ń dán, ìlà rẹ̀ sì tò lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé òkèlè mì lẹ́wà lójú mi. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, mo gbé àpótí mi tẹ̀lé wọn. Wọ́n tún yí padà, mo tún tẹ̀lé wọn. Báyìí ni èmi àti ìyá ọkọ mi ṣe ń yí àwo ọbẹ̀ po, tí mo rò pé à ń di ojúlùmọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàṣírù gun kẹ̀kẹ́ wá sí Pobè. Kò jókòó.

"Berthe, Ìyá ní kí n bi ọ́ léèrè: ṣé wọn kì í dáná nílé yín ni?"

"Kí ló fa irú ìbéèrè yìí?"

"Wọ́n ní wòbìà ni ọ́. Gbogbo Sakété ló ń sọ ọ́, pé ọmọ Fáṣínà kàwé dé Paris, ó padà wá ń wo ènìyàn lẹ́nu gba oúnjẹ. Ràúdátù àbúrò mi tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ."

"Orúkọ wo?"

"Pín-fún-mi."

Mo fi sùúrù ṣàlàyé iṣan, ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun fún un. Ó mi orí.

"Mo ti sọ gbogbo ìyẹn fún Ìyá. Wọ́n ní ebi ni à ń pe ìyẹn ní Sakété. Wọ́n ní àwọn kò lè fi abà gààrí àwọn lé wòbìà lọ́wọ́. Kí o wá jẹun lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ Jímọ̀. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọn óò fi sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mo ti pinnu bí n óò ṣe jẹun náà: òkèlè kéékèèké, kí n sì ṣẹ́ ìdajì kù. Ta ni ó tún mọ oúnjẹ gbé mì jù mí lọ ní gbogbo Dahomey?

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n gbé ẹ̀bà ńlá kan àti ọbẹ̀ ilá síwájú mi. Èmi nìkan ni wọ́n bu oúnjẹ fún. Ìyá Alágààrí, Bàbá Súbérù, Bàṣírù àti Ràúdátù jókòó kọjú sí mi, wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Jẹun, ìyàwó wa," ni Ràúdátù wí. "Àwa náà fẹ́ ṣe ìwádìí."

Mo bu òkèlè, mo tì í bọ ilá, mo fi í sí ẹnu. Gbogbo ojú bà lé gògóńgò mi. Lójijì, ahọ́n mi kò mọ ibi tí yóò gbà. Àwọn iṣan tí ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a ti bí mi láìbi mí léèrè dúró gbagidi, bí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá tuntun dé bá. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn ní èdè Faransé, kò sì sí ọ̀kan tí ó jẹ́ mi. Òkèlè náà dé ìdajì ọ̀nà, ó há. Ọbẹ̀ ilá, tí ọmọ ọwọ́ pàápàá ń gbé mì lójú oorun, há mi lọ́fun! Mo húkọ́. Ilá ta sára agbádá funfun tí Bàbá Súbérù wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí.

"Nítorí pé n kò gbà kí ó dè mí lọ́rùn ni ó ṣe ń gbẹ̀san!" ni Bàbá Súbérù kígbe.

Ìyá Alágààrí dìde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lù mí lẹ́yìn, wọ́n fún mi lómi. Omi náà gba imú jáde.

"Ràúdátù," ni wọ́n wí, "wòbìà wo ni òkèlè àkọ́kọ́ ń há lọ́fun?"

"Ìyá, bóyá ó ń díbọ́n ni."

"Tí omi ń dà nímú rẹ̀? Ta ní ń díbọ́n báyẹn?" Wọ́n yí sí mi. "Àṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀fun lò ń wò?"

"Lóòótọ́ ni, Ìyá."

Bí mo ti ń nu imú ni òye wá yé mi. Bí ojú àwọn mẹ́rin bá lè sọ ọ̀fun mi di òkúta, kí ni ojú mi ti fi ọ̀fun àwọn ará Sakété ṣe? Ẹni tí ń kánjú kí n má baà tọrọ, ẹni tí ń fà sẹ́yìn kí ó lè pín fún mi, gbogbo wọn ni mo ti kọ sínú ìwé. Ìwé ọ̀fun ènìyàn kọ́ ni mo ń kọ. Ìwé ọ̀fun ènìyàn tí a ń yọ lẹ́nu ni.

Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Bàṣírù ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Alágààrí fa àwo ẹ̀bà náà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí mi.

"Gbé àpótí rẹ sẹ́yìn mi. Di ojú rẹ. Mú ọwọ́ wá."

Wọ́n gbé ìka mi lé ọrùn wọn.

"Má fún mi lọ́rùn o. N kò tíì fún ọ ní ọmọ mi."

Wọ́n bu òkèlè. Lábẹ́ ìka mi, ọ̀fun wọn gbéra, ó sinmi díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó wà nílé ara rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń fi ojú wò. Mo di ojú mi pinpin títí wọ́n fi jẹ ẹ̀bà mi tán, tí wọ́n sì fọ ọwọ́.

"Bàṣírù," ni wọ́n wí, "lọ sọ fún Fáṣínà pé à ń bọ̀ ní Pobè wá tọrọ ọmọ. Kí wọ́n se oúnjẹ tí ó pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má sì wò mí lẹ́nu."