Ẹni Kan, Kọ̀ǹpútà Méjì

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn fèrèsé wa kọjá lọ́sàn-án á rò pé ìgbéyàwó wa ti tú ká. "Jáde!" lọkọ mi máa ń pariwo láti yàrá. Èmi náà á dá a lóhùn láti pálọ̀ pé mi ò tíì ṣe tán. "Mo ní kó o jáde, iṣẹ́ ń dúró dè mí!" Kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Áàpù ìyàwòrán là ń sọ.

Èmi ń ya àwòrán sínú ìwé ọmọdé. Ọkọ mi ń to ìwé, ìyẹn ni pé ó ń to ọ̀rọ̀ sójú ewé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó sì ń ṣe iwájú ìwé lọ́ṣọ̀ọ́. Áàpù kan náà làwa méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi ló sì ti ń sanwó rẹ̀ kó tó mọ̀ mí rárá. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ò le: ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n tà á fún. Ẹni náà lè fi í sórí kọ̀ǹpútà méjì, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lo méjèèjì pa pọ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹni tó so wá pọ̀ sọ pé a kì í ṣe méjì mọ́, a ti di ọ̀kan. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi nìkan ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé, tó sì fi áàpù sórí kọ̀ǹpútà mi.

"Ẹnì kan ni wọ́n ní," ó wí. "Ẹnì kan náà ni wá."

Ìfẹ́ ni mo pè é nígbà yẹn.

Bí ọ̀kan nínú wa bá ṣí áàpù náà, á ti èkejì síta. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pe ara wa jáde. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tó sì gbọ́ ariwo náà, ó kúnlẹ̀ ti àga, ó gbàdúrà fún ilé wa, ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ṣàlàyé títí, ó sì yé e. Ohun tó ṣì ń dun Màmá ni pé mo sọ fún ọmọ òun pé "jáde", mi ò sọ pé "ẹ jáde". Láti ìgbà náà, bí Màmá bá wà nítòsí, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jáde" ni mò ń wí, ọkọ mi á sì máa rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ọkọ mi kì í ṣe olóòótọ́ o. Lọ́dún tó kọjá, ṣọ́ọ̀bù kan mú àwòrán tó ṣe síwájú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára báàgì tí wọ́n ń tà, wọn ò bi í léèrè. Ó gbéra, ó lọ bá wọn, mo sì tẹ̀ lé e. Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù: "Ohun téèyàn bá fi orí ara rẹ̀ ṣe, tiẹ̀ ni! Ẹ ò lè kàn máa gbé e torí pé ẹ rí i nílẹ̀!" Obìnrin kan tó ti ra báàgì dá tiẹ̀ padà. Orí mi wú. Bá a ṣe délé, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa jáde.

Ìwé ewúrẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú àwọn ìwé tí mo ti ń yàwòrán sí, inú lọ́hùn-ún lorúkọ mi máa ń wà, lábẹ́ àdírẹ́sì atẹ̀wé, níbi tí ojú lásán ò ti lè rí i. Èyí yàtọ̀. Èmi ni mo kọ ìtàn rẹ̀, èmi ni mo yà á, iwájú ìwé gan-an lorúkọ mi máa wà. Nígbà tí olóòtú ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ.

Ọjọ́ tó yẹ kí n fi ojú ewé tó kẹ́yìn ránṣẹ́, ọjọ́ náà ló yẹ kí ọkọ mi fi ìwé ìṣirò kan ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fẹ́nì kejì. Mò ń fi táyà ẹ̀yìn sí kẹ̀kẹ́ ewúrẹ́ lọ́wọ́, ó tì mí síta. Mo padà wọlé, mo tì í síta. A ṣe é títí, bí ọmọdé méjì tó ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, áàpù lé àwa méjèèjì, ó ní kí ẹni tó ra òun pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe òun.

Pálọ̀ lọkọ mi ti pè wọ́n, ó fi fóònù sí sípíkà. Màmá, tó tún wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ń ká aṣọ lórí àga. Èmi dúró, gègé tí mo fi ń yàwòrán ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ káàsán sà," ni ọmọbìnrin tó dáhùn wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "A rí i pé kọ̀ǹpútà méjì ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni mélòó ló ń lò ó, sà?"

"Èmi nìkan."

"Ta ló wá wà nídìí kọ̀ǹpútà kejì?"

"Èmi náà ni."

"Ní ìṣẹ́jú kan náà, sà?"

"Ọwọ́ mi yá," lọkọ mi wí.

Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà tiẹ̀. "Sà, ìwé ni wọ́n ń tò lórí ọ̀kan. Àwòrán ni wọ́n ń yà lórí èkejì."

"Èmi ni mò ń to ìwé. Èmi náà ni mò ń yàwòrán."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń yàwòrán nílé yín?"

Ọkọ mi wò mí, ó wo gègé tó wà lọ́wọ́ mi. "Èmi nìkan ni," ó ní. "Kò sẹ́lòmíì."

Ọmọbìnrin náà ní kò burú, ó ṣí i fún un, ó ní kó kú iṣẹ́. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Màmá gbé aṣọ sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo wá ń ya ewúrẹ́ yẹn ni?"

"Rárá, Màmá. Ìyàwó yín ni. Mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ni."

"Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó wa ń ṣe ìwé. Èwo ni kí n wá máa sọ báyìí?"

"Èyí tẹ́ ẹ ti ń sọ náà ni, Màmá. Èyí tí mo sọ yẹn, ti áàpù ni."

"Ẹnu kan náà lo fi sọ méjèèjì," ni Màmá wí, ó sì gbé aṣọ rẹ̀.

Ó dùn mí. Ó dùn mí wọnú egungun. Tí atẹ̀wé bá fi orúkọ mi sábẹ́ àdírẹ́sì, mo lè fara mọ́ ọn. Àmọ́ ọkùnrin tó wàásù nítorí báàgì dúró níwájú mi, ó gba ewúrẹ́ mi, ó gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ní èmi ò sí.

"Olówó orí mi," mo ní, "ohun téèyàn bá fi orí ara rẹ̀ ṣe ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá lèyí. Kí la mú lọ́wọ́ wọn tó máa dùn wọ́n?"

"Mi ò sọ tiwọn. Tèmi ni mò ń sọ."

"Ṣebí ọ̀kan ni wá?"

"Ọ̀kan ni wá lóòótọ́. Ìwọ ni ọ̀kan náà."

Ọkọ mi gbé fóònù rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ parí ìwé ìṣirò rẹ̀. Èmi ò padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo mú fóònù, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta, mo pe nọ́ńbà kan náà, ọmọbìnrin kan náà ló sì gbé e. Bí mo ṣe dárúkọ kọ̀ǹpútà méjì, ó ní ṣé ilé ọ̀gá tí ọwọ́ wọn yá ni.

"Ibẹ̀ ni," mo ní. "Ẹni méjì ni wá. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kejì kúrò lórí tiẹ̀, mo fẹ́ ra tèmi."

Ó ní àwọn ò ní bá ọ̀gá jà, àwọn ti fura tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí tèmi tó lè ṣí. Mo pe olóòtú pé ewúrẹ́ máa pẹ́ díẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn, ó sì jẹ́ kí n mọ̀. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ọmọbìnrin náà ti bi mí pé orúkọ wo ni kí wọ́n fi sí tèmi. Mo sọ orúkọ mi. Ó ní òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo tún un sọ sókè, débi pé ẹni tó ń lọ lójú títì bojú wẹ̀yìn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí táyà ẹ̀yìn nígbà tí ohùn jáde láti yàrá.

"Jáde! Mo fẹ́ wọlé!"

"Mi ò sí níbẹ̀," mo ní.

Mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnnì. Áàpù ṣí fún un. Tèmi náà ò sì kúrò lójú mi. Ọkọ mi jáde wá, ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó wo ewúrẹ́, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo orúkọ mi tó wà lókè áàpù.

"Ìwọ lo yà á," ó rọra wí.

Màmá, tó ń ká aṣọ, ní òun ò gbọ́.

Ọkọ mi tún un sọ.