Oògùn Pínńkì Inú Fíríìjì Yako

Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi kí Olinka. Lábúlé tí gbogbo wa ti ń rìn lórí ọ̀nà pákó kan ṣoṣo, iṣẹ́ ńlá ni. Tí mo bá rí i lókèèrè, màá yà sínú yìnyín. Òun ló ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré wa. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọkùnrin mi lọ bá a nítorí etí, ó bi mí lójú gbogbo èèyàn bóyá mo lè ka ìlà ara ìgò oògùn. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ orúkọ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí Matrona, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mi ò gbé e lọ síbẹ̀. Evdokia ọmọ mi, ìyá rẹ̀, ń dáná nílé ìwé, èmi ni mò ń bójú tó o lọ́sàn-án. Mo lọ sílé Yako, àbúrò mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í dá ẹja jẹ. A máa ń pín in dé ilé tó kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pín oògùn. Tí ara ọmọ kan bá ti yá, ìyókù á wà nínú fíríìjì di ìgbà tí ẹlòmíì bá nílò rẹ̀. Yako fún mi ní ìgò oògùn pínńkì tó ń pa kòkòrò àìsàn, ó kù dé ìdajì.

"Ṣé kì í ṣe Olinka ló yẹ kó rí ọmọ yìí?" ó bi mí.

"Olinka wo?"

"Ó dáa. Mi ò sọ nǹkan kan."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fún un, ṣíbí kan nígbà tó bá ti sunkún. Mi ò sọ fún Evdokia. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà ń mí bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹrù dé lórí yìnyín, ìhà rẹ̀ ń wọnú. Evdokia wé e láṣọ, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi jókòó ti rédíò tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Irú rédíò yẹn wà nílé gbogbo wa, tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo abúlé ló ń gbọ́. Kò pẹ́ tí ohùn Olinka jáde.

"Bàbá Evdokia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Mo fi igi kún iná.

"Dókítà ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú Bẹ́tẹ́lì wà lórí fóònù. Òtútù àyà ni. Kùrukùru bolẹ̀, bàálù tó máa gbé e lọ síbẹ̀ ò lè wá lónìí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí ti lo oògùn kankan. Evdokia ní rárá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn pínńkì la máa fi bẹ̀rẹ̀."

"Ó wà ńbẹ̀ o," ìyá arúgbó kan dá sí i. "Mò ń rí èéfín ilé rẹ̀. Ó ń bínú lọ́wọ́ ni, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀."

"Ẹ fún un di ọdún tó ń bọ̀," ẹlòmíì ní. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Tí mo bá dákẹ́, ohun tí mo ti ń fún ọmọ náà lásán ni wọ́n tún máa fún un. Tí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ilé á gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo gbé rédíò.

"Mo ti fún un."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ fún un?"

"Pínńkì yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"

"Nígbà tó bá sunkún."

"Ìgò ta ni?"



"Tèmi ni," Yako sọ. "Ta ni kò ní ìgò kan ní fíríìjì nínú yín?"



"Abẹ́rẹ́ ló máa gbà nígbà náà," Olinka ní. "Ẹ máa bọ̀, Bàbá. Evdokia ò lè wo abẹ́rẹ́, mi ò rẹ́ni bá mi di ọmọ náà mú."

Mo lọ. Mo di itan ọmọ náà mú, Olinka gún un. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Ṣebí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára," mo sọ, mo kọjú sí ògiri.

"Ó gbà á pé. Oríṣiríṣi ni kòkòrò yìí, Bàbá. Abẹ́rẹ́ yẹn lé àwọn tó mọ̀ lọ. Ẹ wò ó bí ìgbà tí ìdílé kan kó kúrò ní àgọ́ ìpẹja, tí ìdílé míì wá jókòó síbẹ̀. Àwọn olùwádìí tó ń fi òwú nu imú àwọn ọmọ wa lọ́dọọdún ti rí àwọn tuntun náà. Pínńkì ò pa ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. A ti lò ó jù. Èmi náà ti fún yín jù."

Mo ń retí kó mẹ́nu ba ìlà ìgò. Kò mẹ́nu bà á. Ojú rẹ̀ ti wú, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ náà fún gbogbo wa. Mo wá ìbínú mi, mi ò rí i tó bó ṣe yẹ.

Ó ń ka èémí ọmọ náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Méjìdínláàádọ́rin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, méjìlélọ́gọ́ta. Ó tún gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di mẹ́rìnlélógójì, ọmọ náà sì béèrè omi. Lọ́sàn-án, kùrukùru ká, bàálù gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí Bẹ́tẹ́lì.

Olinka tan ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ yìnyín rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé."

"Mo lẹ́sẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ lẹ́sẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀ yín."

Ó rẹ èmi náà. Mo gun pákó ẹrù tí kẹ̀kẹ́ náà ń wọ́, mo kọ ẹ̀yìn sí Olinka, mò ń wo ibi tí bàálù gbà lọ títí a fi délé.