Ohun tí Ṣògo Kọ́ sí Ojú Sánmà

Ní ìlú Ọ̀sí, ọmọ tó bá lọ sókè òkun tí kò kọ́lé sílé kò tíì lọ ibì kan. Ilé ọmọ Lábọ̀dé wà lẹ́bàá títì, alájà méjì, gíláàsì ló yí i ká. Ewúrẹ́ nìkan ló ń gbébẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í kí bàbá onílé kú oríire.

Èyí ń dun Ayọ̀rìndé, tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ tirẹ̀, Ṣògo, wà ní Nọ́wè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé àti àlùkò ti ń jó lójú sánmà lásìkò òtútù. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sátẹ́láìtì kan tí kò ju búrẹ́dì lọ, tí yóò máa wo ìmọ́lẹ̀ náà láti òkè. Wọ́n sì ti ta á sókè.

"Ulé ńkọ́?" ni Lábọ̀dé bi í ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀.

"Gbogbo ayé ló fi ṣe ulé," Ayọ̀rìndé fèsì. Inú ń bí i, ẹnu rẹ̀ sì sáré ju ọgbọ́n lọ. "Ẹ wá sí pápá ilé-ìwé nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Yóò gba orí Ọ̀sí kọjá, ẹ ó fojú yín rí i."

Ṣògo ti sọ fún un pé ojú lásán kò lè rí nǹkan kékeré yẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, tíṣà kò sì fẹ́ kó èèpo rẹ̀ nílẹ̀ lójú Lábọ̀dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí oòrùn ṣe wọ̀, èrò kún pápá fọ́fọ́, àwọn mìíràn gbé àga wá. Wọ́n wòkè títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Ayọ̀rìndé ń gbàdúrà kí òjò dé, òjò kọ̀. Àfi bí ọkọ̀ òfurufú kan ṣe yọ láti ọ̀nà Ìlọrin, tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Pápá hó yèè pé òun nìyẹn. Ẹni tó kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wòkè pẹ̀lú wọn. Lábọ̀dé ṣí fìlà.

"Tíṣà, mo júbà. Ulé tèmi ò lè rìn."

Bàbá ń bọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀ nígbà tí Ṣògo pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, uṣẹ́ ti bàjẹ́. Látìgbà tí sátẹ́láìtì náà ti gòkè ni kò ti fọhùn. Lónìí ni ọ̀gá wa ní ká má pè é mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan níbẹ̀."

Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é, ojú ayọ̀ ara rẹ̀ sì tì í.

"Àwa rí i," ló sọ. "Gbogbo Ọ̀sí ló jáde. Ó gba orí wa kọjá. Lábọ̀dé ṣí fìlà fún un."

Ṣògo mọ ìwọ̀n nǹkan náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Ṣé ó mọ́lẹ̀?" ló bi bàbá rẹ̀.

"Ó mọ́lẹ̀ gan-an."

"Ẹ ṣé, Bàbá mi."