Símẹ́ǹtì Gbẹ Mọ́ Bàbá

2.

…ni símẹ́ǹtì bá gbẹ. Ohun tí Màmá ń tẹnu mọ́ nìyẹn láti ìgbà tí a ti gbé wọn láti ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́ padà sílé ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìgbáròkó wọn kán. Dókítà fi irin pààrọ̀ rẹ̀, ó fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun.

Símẹ́ǹtì! Èmi Ṣògo, bíríkìlà, ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

1.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Dókítà Akínpẹ̀lú:

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà. Bí a ṣe ti símẹ́ǹtì náà wọlé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá já wálẹ̀, ọkàn wọn dúró. A jí wọn padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn o. Tí wọ́n bá ń dùbúlẹ̀ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí wọn lẹ́sẹ̀, kó sì pa wọ́n."

3.

Wọn ò rìn.

4.

Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ fún Rúùtù, àbúrò mi:

ÈMI: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ẹsẹ̀ yẹn nílẹ̀.

MÀMÁ: Kí n tẹ bàbá yín mọ́lẹ̀?

ÈMI: Bàbá ti kú, Màmá.

MÀMÁ: Ṣé mi ò mọ̀ ni? Nígbà tí àyà mi dákẹ́, àwọn ló wá mú mi. Wọ́n ti di itan mi mú. Dókítà fà mí padà. Símẹ́ǹtì gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́.

ÈMI: Irin ló wà níbẹ̀.

MÀMÁ: Irin kì í húkọ́.

5.

Ikọ́ ló pa Bàbá.

6.

RÚÙTÙ (wásáàpù): "Bọ̀dá mi, ẹ pe pásítọ̀ kíá!!!"

Pásítọ̀ wá. Màmá ṣe àmín dáadáa. Wọn ò dìde.

7.

Ẹsẹ̀ náà ti ń wú. Ẹ̀rù ń bà mí.

8.

"Ìwọ lo fi símẹ́ǹtì dí ilé wọn pa," ni Màmá wí. "Ṣí i, kí wọ́n ríbi padà sí. Màá rìn."

Sàréè Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Èmi ni mo rẹ́ ẹ. Ìka mi ni mo fi kọ orúkọ wọn sí i kó tó gbẹ. Iṣẹ́ náà dáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

9.

Mo fi ẹfun kọ ọ́ sára géètì:

Ẹ̀YIN AYÁLÉGBÉ
ARIWO MÁA WÀ LÓNÌÍ
Ẹ MÁ BÍNÚ
ÀTÚNṢE NI

10.

Mo gbé òòlù sókè, mo lu sàréè náà lẹ́ẹ̀kan. Ó là díẹ̀.

"Itan mi!" Màmá kígbe nínú ilé.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹnìkan húkọ́. Mi ò lè sọ bóyá inú ilé ni, àbí abẹ́ símẹ́ǹtì.

"Ṣògo," ni Màmá wí, "má dúró."