Ikú Kan Ló Kù

Ẹ wo iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ o. Ìṣirò ni wọ́n gbà mí fún, àmọ́ ikú ni mò ń dúró dè. Oògùn méjì la fi ń wéra, ti àtijọ́ àti tuntun, fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá kú, a máa ka ọjọ́ tó lò láyé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹni tó ṣì wà láàyè, tàbí tó kó lọ tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́, a ò ní pè é lókùú, a ò sì ní yọ ọ́ dànù: ibi tí a rí i mọ la máa kà á mọ. Àmọ́ iye ikú kan wà tó gbọ́dọ̀ pé ká tó ṣí èsì wò. Títí dìgbà náà, ẹni tó ń lo ti àtijọ́ ò lè bọ́ sí tuntun.

Ikú kan ló kù báyìí.

Àbúrò mi obìnrin wà nínú wọn. Mi ò sọ níbi iṣẹ́, torí wọ́n á gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń fún un, ó sì ń joro lójú mi. Bí ẹlòmíì bá kú, ó lè rí tuntun gbà. Bó bá jẹ́ òun ló kú, ikú tiẹ̀ ló máa ṣílẹ̀kùn fáwọn yòókù. Àdúrà wo ni kí n gbà? Kí n ní kí Ọlọ́run pa ọmọ ọlọ́mọ kí tèmi lè yè? Mo há.

Ọ̀gá wa á yọjú láàárọ̀, á ní ṣé ikú yẹn ò tíì dé, bí ẹni ń bèèrè ife tíì. Inú máa ń bí mi sí i, bẹ́ẹ̀ èmi náà ò sàn jù ú lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa láti ọsibítù pè mí pé ó ti pé. Mo ní ta ni? Ó ní mo ṣáà mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ dárúkọ. Mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tìlẹ̀kùn, mo pe àbúrò mi. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún un pè. Ó gbé e.

"Ọpẹ́ o," ni mo wí, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. "Ó ti pé. Tí tuntun bá yege, wọ́n máa fún ìwọ náà."

Ó ní Bàbá Aláwàdà ló kú láàárọ̀, bàbá tí àwọn jọ máa ń gba oògùn, tí wọ́n máa ń bọ́ sùẹ́tà wọn fún òun torí yàrá yẹn tutù. Ó ní sùẹ́tà náà ṣì wà lọ́rùn òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ikú ta lẹ ń dúpẹ́ fún yẹn?"

Ọ̀gá wa ti ń kan ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí n jáde wá ṣí èsì. Mo jókòó síbẹ̀, fóònù ṣì wà létí mi.