Omi Tí Kì í Gbé Èèyàn

Ọdún kan ti kọjá, ẹnu ṣì ń yà mí. Mo ṣì ń bínú pẹ̀lú, kí n má purọ́.

Apondi ni mí. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja mbuta, létí adágún Lolwe, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin agéja wà nínú òtútù lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn, èmi wà níta pẹ̀lú ìdọ̀tí wọn. Ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá, ìpẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wá sínú táǹkì ńlá mi. Ẹrẹ̀ kan wà nínú táǹkì náà tó pọ́n bíi tíì, ẹrẹ̀ alààyè, tó kún fún kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí yẹn. Bí wọ́n bá yó, wọn a ṣàn lọ sí táǹkì kejì tó pa rọ́rọ́, wọn a rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó mọ́ a lọ sínú adágún, a ó sì fa ẹrẹ̀ náà padà kó tún wá máa jẹ. Màlúù mi ni mo ń pè wọ́n. Afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí omi á máa hó bí ìkòkò orí iná.

Nígbà kan, àwọn ọlọ́dẹ máa ń pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè rí oorun sùn. Màlúù mi kú tán. Omi burúkú wọ inú adágún, ẹja léfòó, àwọn ará abúlé sì kó òkú ẹja wá dà sẹ́nu ọ̀nà wa. Díẹ̀ ló kù kí ìjọba ti ilé iṣẹ́ náà pa. Látọjọ́ náà ni Ogweno ọ̀gá wa ti fi àgádágodo ti àpótí iná ẹ̀rọ náà. Inú àpótí yẹn ni bọ́tìnnì tó ń pa á wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹyọ kan péré, Ogweno fi okùn so ó kọ́ ọrùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà ní ọ̀kan," mo máa ń wí.

"Apondi, ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ló máa pa á."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Obuya àbúrò mi wá dé. Apẹja ni, ṣùgbọ́n koríko omi ti bo adágún, ọkọ̀ kò ríbi gbà mọ́. Ìyá wa ló fà á lé mi lọ́wọ́. Adágún ti gbé méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ. "Òun nìkan ló kù mí kù lọ́kùnrin," ó wí, ó ń sunkún. "Bá mi mú un kúrò lórí omi." Mo bẹ Ogweno, ó gbà á síṣẹ́, ó sì fi í sọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo mú un dórí afárá irin tó gba orí táǹkì kọjá. Mo ní, "Má ṣubú síbí o. Omi yìí kì í gbé èèyàn léfòó."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ọmọ Lolwe? Omi mọ̀ mí! Bí mo bá dé, ó máa ń kí mi káàbọ̀ ni."

"Adágún ló mọ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ ti ba èyí jẹ́. Apá ò ní ríbi tì, ẹsẹ̀ ò ní ríbi tẹ̀. Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ni?"

Ìyá Akeyo, olórí àwọn agéja, jókòó nísàlẹ̀, ó ń mu tíì mi. "Jẹ́ kó máa fọ́nnu," ó wí. "Ṣebí òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

"Ìyá Akeyo, ẹnu yín mú ju ọ̀bẹ yín lọ."

"Ẹja lọ̀bẹ mi ń gé, ọmọ mi. Òmùgọ̀ lẹnu mi ń gé."

A jọ rẹ́rìn-ín. Háà, a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Ogweno gun afárá náà wá wo ìfófòó. Irin tí a máa ń dì mú níbẹ̀ ti já, okùn ni a fi so ó. Ó fara tì í. "Apondi, ìfófòó yìí mà ti pọ̀…" Okùn já. Ó wọ inú omi bí òkúta, omi náà kò tilẹ̀ ta.

Kí n tó lanu, Obuya ti bọ́ bàtà. Lórí adágún, wọn kì í fi èèyàn sílẹ̀ sínú omi.

"Obuya, rárá!"

Mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Apá ẹ̀wù náà ló kù sí mi lọ́wọ́.

Mo rí i tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀, gbogbo ohun tó mọ̀ ló ń ṣe, kò sì kúrò lójú kan. Ó wò mí. Ìyàlẹ́nu ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù. Orí rẹ̀ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Mo ju táyà ìgbàlà sí i, táyà náà ń yí káàkiri lórí ìfófòó, kò sí ọwọ́ tó máa dì í mú.

Mo sáré lọ sídìí àpótí iná kí n lè pa ẹ̀rọ náà, kí omi lè gbé wọn. Mo kígbe, "Kọ́kọ́rọ́! Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ wá!" Ìgbà náà ni etí mi gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Ọrùn Ogweno ni kọ́kọ́rọ́ wà, Ogweno sì wà nísàlẹ̀ omi. Mo fi òkúta lu àgádágodo náà títí ọwọ́ mi fi ṣẹ̀jẹ̀, kò mira.

Ẹnì kan sáré lọ pa iná gbogbo ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ dákẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run, o ṣeun!" Ọpẹ́ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí jẹnẹrétọ̀ fi bú ramúramù. Bí iná bá ti lọ, fúnra rẹ̀ ló máa ń tan ara rẹ̀. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ìyá Akeyo yọ sí mi pẹ̀lú bàtà òjò funfun, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ibo ni afẹ́fẹ́ yẹn ń gbà?"

Mo nawọ́ sí páìpù. Rọ́bà kan tó nípọn ló so irin méjì pọ̀ níbẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó gún un. Àwọn agéja yòókù dé, wọ́n gún un, wọ́n là á bí ẹní la ikùn mbuta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tú jáde, ó gbé Ìyá Akeyo ṣubú sẹ́yìn, ó ń súfèé burúkú.

Táǹkì mi dákẹ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Orí kan yọ. Obuya ni! Ó di kọ́là ẹ̀wù Ogweno mú, a kò lè tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìwọ̀ tí a fi ń fa ẹja ni a fi fà wọ́n dé etí. Obuya bì, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá Akeyo ń tẹ àyà Ogweno, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bú u pé kó dìde, títí bíbú náà fi di ẹkún. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lórí àyà rẹ̀ níbẹ̀.

Obuya jókòó sílẹ̀, ó ń wo apá rẹ̀ méjèèjì bíi pé apá ẹlòmíràn ni. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "mo lúwẹ̀ẹ́, mo lúwẹ̀ẹ́. Omi yẹn ò mọ̀ mí."

Ọ̀pọ̀ màlúù mi kú lọ́jọ́ náà. N kò bá wọn kẹ́dùn.

A sin Ogweno sí ilé baba rẹ̀. Ìyá wa di ọwọ́ Obuya mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìnkú náà títí dé òpin. Wọ́n tún rọ́bà ṣe, wọ́n tún irin afárá ṣe, ọ̀gá tuntun sì dé láti ìlú ńlá. Ó mú àgádágodo tuntun lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ kú," ó wí. "A ó máa ti àpótí yìí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa wà."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n wò ó. Ó kó àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo gun afárá, mo jù wọ́n sáàárín omi tó ń hó.

"Ọ̀gá," mo wí, "ẹ wọ ibẹ̀ lọ mú kọ́kọ́rọ́ náà."